Iyán Ogójì Ilé

Aago mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù, odó ti ń dún lẹ́yìn ilé. Mo jókòó ti bàbá mi ní pálọ̀ àwọn onílé, òórùn iṣu sísè ń gba ojú fèrèsé wọlé, inú sì ń run mí. Kì í ṣe ebi o. Ilé kẹta tí a máa jẹ iyán láàárọ̀ Sátidé yẹn nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́ á rántí ìgbà náà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ẹrù bọ̀ láti Àkúrẹ́, olúkúlùkù ń sọ pé ayé máa tó dùn, wọ́n sì ní a máa dìbò yan alága káńsù. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Kò ní mọ́tò, kò ní baba ìsàlẹ̀. Fẹ́sípà kan tó máa ń kú tó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo ohun tó ní. Kọngílá kan tó ní ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Síbẹ̀, bàbá mi ní òun ni yóò mú un.

Iyán ló kó sí i lórí. Gbogbo Sátidé ló ń gbé mi sẹ́yìn fẹ́sípà kiri ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó ní ẹni tó bá mú ọmọ dání kì í jọ jàǹdùkú. Ilé tí a bá wọ̀, kí a tó kíra tán, ìyàwó ilé ti gbé ìkòkò kaná. Ṣebí Èkìtì ni wá, ta ní máa jẹ́ kí àlejò lọ láìfọwọ́ kan ọbẹ̀? Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé tiwa kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ipò ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó wá rẹ́jísítà ilé-ìwé kan tó ti gbó, ó kọ orúkọ ogójì baálé ilé sínú rẹ̀. Ilé tó bá ti gún iyán fún wa, á fi bírò pupa máàkì í, bí ìgbà tó ń máàkì ọmọ tó wá sí kíláàsì. "Ẹni tó gún iyán fún èèyàn kò ní kẹ̀yìn sí i," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ìyá mi, tó ń ránṣọ níwájú ilé, kì í bá a jiyàn. Kò tilẹ̀ ní gbójú sókè lórí maṣíìnì tó bá ń wí pé, "Bàbá Bùsáyọ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Lẹ́tà ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá fẹ́ du ipò gbọ́dọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Bàbá mi ti kọ tirẹ̀, ó fi há inú Bíbélì, ó ní ọjọ́ Mọ́ńdé lòun máa mú un lọ. Owó oṣù rẹ̀ la fi ń jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yẹn bá jáde nínú Bíbélì, kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a jẹun tán lọ́jọ́ náà, mo kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ orúkọ bàbá mi, mo bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbúrò ọkọ ló ń bi ìyàwó ilé bóyá Tíṣà ni wọn yóò tò sí lẹ́yìn.

"Há! Àlejò kì í lọ lófo nínú ulé wa ni," obìnrin náà dáhùn. "Uyán la fún Tíṣà, a ò fún un ní ulú o."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà rárá, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Obìnrin kan náà ló ti fi ẹran kún ọbẹ̀ mi.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, bàbá mi kígbe látorí fẹ́sípà pé, "Bùsáyọ̀, iyán ibẹ̀ dùn, àbí?" Mo ní ó dùn, sà. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, èmi ni màá di ẹni tó pa iná ojú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jí lọ́jọ́ Mọ́ńdé, fẹ́sípà ti jáde, Bíbélì wà lórí tábìlì, lẹ́tà kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Pápá ilé-ìwé ni wọ́n ti ṣe ìdìbò abẹ́lé. Wọ́n ní kí bàbá mi àti kọngílá dojú kọ kíláàsì, kí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wọn, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá bojú wẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì ti jáwọ́. Àwa ọmọdé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, a ń wo gbogbo wọn. Ìlà kọngílá gùn dé ìdí igi máńgòrò, ó tún ṣẹ́rí padà. Baálé ilé ọjọ́ Sátidé wà níbẹ̀, ó doríkodò. Lẹ́yìn bàbá mi, mo ka ènìyàn mọ́kàndínlógún, ìyá mi sì ni ẹni kejì.

Bàbá mi kò lè wo ẹ̀yìn. Ó wá mi lójú, ó rí mi, ó tẹjú mọ́ mi. Mo mọ ohun tó ń bi mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó na ọrùn gbọọrọ, ó tún èjìká agbádá rẹ̀ ṣe. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè pé kí wọ́n yíjú padà.

N kò rí ojú rẹ̀ nígbà tó yíjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mo sì rí i tí èjìká agbádá náà yọ̀ wálẹ̀, kò sì gbé e padà.

Wọn kò gbà á padà sí iṣẹ́. Oko ló ń lọ, ó tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Maṣíìnì ìyá mi ló bọ́ wa títí a fi jáde ìwé mẹ́wàá. Bàbá mi kò bi mí léèrè ẹ̀rín yẹn títí ó fi kú, èmi náà kò sì sọ fún un pé mo ti mọ̀ kí lẹ́tà tó jáde.

Mo ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà náà báyìí. Mo ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹnu mi mú, n kì í fi òótọ́ pamọ́. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ń du káńsù wá kí mi, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání. Wọ́n ti fi ilé wọn dógò yáwó, ó ní, kí n ṣáà gbé òun lárugẹ. Mo mọ̀ pé kò lè wọlé, mo sì mọ̀ pé n kò ní dìbò fún un. Mo dìde láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí ilé ìdáná, mo bẹ iṣu.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọmọ náà bojú wẹ̀yìn wò mí láti ẹnu géètì, ó pẹ́ díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i.