Pẹ́pẹ́yẹ Tí Adìyẹ Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹyin

Inú ṣì ń bí mi. Ọmọbìnrin mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti wà nílé ọkọ, ìyá ọkọ mi sì ti kú tipẹ́, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ yẹn ní Oǹdó.

Ìgbà náà le koko. Owó oṣù ìjọba kì í wọlé bó ṣe yẹ mọ́, gààrí pàápàá di ohun tí à ń ṣọ́ jẹ. Ọkọ mi dúró sẹ́nu iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, nínú yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, ó ní kí èmi àti ọmọ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun títí nǹkan yóò fi rọ̀. Mo lọ. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Bí mo bá ti pe ilé ní "ulé," ìyá ọkọ mi á fi mí rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ìyẹn kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ló ń dùn mí.

Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi jáde. Gbogbo ìjọ ti gbàdúrà pé kí n bí bí àwọn obìnrin Hébérù, àmín ìyá ọkọ mi ló sì ròkè jù. Nígbà tí mo rọbí títí tí ọmọ kò jáde, tí dókítà ní kí wọ́n gbé mi lọ sí tíátà, ìyá ọkọ mi gbà pé mo ya ọ̀lẹ ni. Ọmọ pẹ́ kó tó rìn, abẹ ni. Ó ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́, abẹ náà ni. Á máa fi ẹ̀rín sọ ọ́ lójú àlejò.

Ìyá ọkọ mi ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí mọ́tò tẹ abo kan pa níwájú ilé, ó kó ẹyin tó fi sílẹ̀ sábẹ́ adìyẹ kan tó ń sàba, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n adìyẹ kì í wẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ á wọ inú omi, á gbé ìyẹ́ tútù padà sórí ẹyin. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí inú ẹyin gbẹ mọ́ ọmọ lára. Ìyá tèmi ní Àkúrẹ́ a máa fi ọwọ́ wọ́n omi sí irú ẹyin bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ó ní ta ní í bomi rin ẹyin, ṣé ẹ̀fọ́ ni?

Ẹyin pa. Adìyẹ kó àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń bá wọn jẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ku ẹyin kan. Ọmọ inú rẹ̀ ti dá ihò lu èèpo, à ń rí ṣónṣó ẹnu rẹ̀, à ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì lè jáde. Ọmọ mi jókòó tì í láti àárọ̀. Ó ní tòun nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi wò ó, ó ní kí n jù ú sí ààtàn.

"Ìyàwó, èyí tí kò bá lè fúnra rẹ̀ jáde kò lè lágbára láyé. Ẹni tí wọ́n bá fà jáde, fífà ni wọn yóò máa fà á kiri."

Wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọmọ mi gbójú sókè wò mí. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ tó láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Bí pẹ́pẹ́yẹ yẹn bá kú, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi di òótọ́ nìyẹn létí ọmọ mi, kò sì sí ohun tí mo lè sọ tí yóò pa á rẹ́.

Mo tẹ́ àkísà sínú abọ́, mo gbé ẹyin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tí ooru ti ń dé e díẹ̀díẹ̀. Mo ń fi òwú tí mo rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu awọ fẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹyin, tó ti gan bíi bébà tí ẹ̀kọ gbẹ mọ́. Mo ṣí èèpo díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo dáwọ́ dúró. Ìbínú ń sọ fún mi pé kí n fà á ya kíá, kí n gbé e lọ síwájú ìyá náà. Ohun tó nira jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kí inú máa bí èèyàn kí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ń wí i sínú, mo sì ń payín keke. Ìyá ọkọ mi ń kọjá, ó ń pòṣé. Mi ò wo ibi tó wà.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, mo tún ṣí díẹ̀, mo tún dúró. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà na ọrùn, ó fi ẹsẹ̀ ti èèpo tó kù, ó sì yí sórí àkísà. Ó tutù rinrin, ó burẹ́wà, ó sì ń mí. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín.

Pẹ́pẹ́yẹ náà dàgbà, ó sanra. Lọ́jọ́ kan àwọn ìyá ìjọ wá kí wa, ìyá ọkọ mi nàka sí i. Ó ní kí wọ́n wo iṣẹ́ Ọlọ́run, pé gbogbo wa ti sọ ìrètí nù lórí ẹyin yẹn kó tó fúnra rẹ̀ jáde.

Mo gbé omi àlejò tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

"Màmá, kò fúnra rẹ̀ jáde. Èmi ni mo fà á. Wọ́n fa ọmọ mi náà. Àwọn méjèèjì ló wà níwájú yín yìí."

Ìyá ọkọ mi kò dárúkọ abẹ lójú mi mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sọ fún ọmọ mi rí pé òun ṣì í wí. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àlùfáà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun kan sí i nínú dárí jì í. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi kò ṣe é.