Ọkọ̀ Tí Mo Gbé Lé Omi Ìrìbọmi

Ìbéèrè kan wà tó ti sú mi. Ibi yòówù tí mo bá ti sọ pé ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí, pé yíyàwòrán ọkọ̀ ojú omi fún àwọn tó ń kàn án sì ni mo fi ń jẹun, wọ́n á ní: "Lórí òkúta yẹn? Odò wo lẹ ní?" Mo ti dáhùn títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. A ò ní odò tó lè gbé ọkọ̀. Yunifásítì tí mo lọ gan-an ò ní omi. Adágún gígùn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ́ fún wa láti máa dán àwòṣe ọkọ̀ wò ti là kí n tó wọlé, àga tó kán ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ojú pátákó ìkọ̀wé la ti kọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń léfòó.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde, àwọn olùkọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, kálukú sì gba ilé lọ. Mo wà ní Ọ̀kà, mo ń kan àwòṣe ọkọ̀ tí mo máa fi gboyè. Ìkàrẹ́ ni mo ti ra pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ọ̀dà, ibẹ̀ náà ni káfíńtà ti bá mi gé e. Bí mo ṣe gbé e wọ mọ́tò bọ̀ wálé, obìnrin tó jókòó tì mí wò ó títí, ó ní: "Ọpọ́n ewúrẹ́ yìí mà dára o. Èló ni wọ́n ń tà á?"

Lójijì ni wọ́n pè wá padà pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a máa gbèjà iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùkọ́. Mi ò sì tíì dán ọkọ̀ mi wò. Ìdánwò náà ò ṣòroó ṣàlàyé. A ó gbé ọkọ̀ sórí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, a ó so òjé mọ́ okùn, a ó fi í rọ̀ sínú rẹ̀ bíi ti bíríkìlà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán, a ó wá sún ẹrù láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ á tẹ̀. Bí okùn òjé bá ṣe yẹ̀ sí ni yóò sọ bóyá ọkọ̀ náà lè dìde padà tí ìgbì bá tì í. Títí di òní, tí a bá ń ṣe é fún ọkọ̀ gidi níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń lé gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mì í, títí kan alásè tó ń wá ìkòkò rẹ̀. Láìsí ìdánwò yìí, ọdún mìíràn ni ǹ bá tún lò ní yunifásítì.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Kànga ti gbẹ. Ibì kan ṣoṣo ló ní omi tó tó: kòtò ìrìbọmi inú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí tánkà ṣẹ̀ṣẹ̀ já omi sí nítorí ọjọ́ Àìkú. Àlúfáà gbà kí n lò ó tí ìrìbọmi bá parí. Ohun tí àwa méjèèjì gbàgbé ni pé ní ìjọ wa, omi ìrìbọmi kì í sùn mọ́jú. Bí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde nínú rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ló ni ín. Wọ́n á bù ú lọ sílé fún ìwẹ̀ àti ìfọṣọ. Ìyá tó bí mi sì ni olórí wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ̀ lé omi ni bákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Okùn òjé mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dúró díẹ̀!"

"Ká dúró kẹ̀?" Ìyá Bọ̀sẹ̀ tún bu òmíràn. "Kí ìwọ máa ṣeré nínú omi Olúwa?"

"Kì í ṣe eré, mà. Iṣẹ́ yunifásítì ni."

"Yunifásítì ọ̀hún ò lómi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni.

Màmá mi kọ háà. "Fẹ́mi, kí lo tiẹ̀ fẹ́ gan-an?"

"Kí omi dákẹ́, mà. Ìyẹn nìkan."

Màmá mi dojú bákẹ́ẹ̀tì tiwọn dé sórí àtẹ̀gùn kòtò náà, wọ́n jókòó lé e. "Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi, kó gba orí mi kọjá."

Omi dákẹ́. Mo sún ẹrù. Ọkọ̀ tẹ̀, ó tún tẹ̀ sí i, ó dojú dé pátápátá. Ìyá Bọ̀sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rì. Mo mọ ohun tó ṣe é: ilé alájà méjì tí mo kọ́ sórí ọkọ̀, tí mo kùn lọ́dà, tí mo ń fi yangàn, ló wúwo jù lókè. Mo fa àjà òkè ya lójú gbogbo wọn, mo da omi inú ọkọ̀ nù, mo tún gbé e kalẹ̀.

Àwọn kan ti gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó àwọn akọrin yọ́ wá bu omi. Màmá mi ò dìde. Wọ́n kàn pe àwọn obìnrin náà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí wọn. Ọwọ́ kálukú dúró.

Mo sún ẹrù sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo sún un sósì, bákan náà. Mo gbé ẹrù kúrò, ọkọ̀ dìde ṣánṣán.

"Ó ti tán o!"

Àwọn obìnrin ya lu omi. Orúnkún ń dun màmá mi. Kí wọ́n tó dìde tán, kòtò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ohun tó wọ inú bákẹ́ẹ̀tì màmá mi ò tó ìdajì, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ mi tán, mo pè wọ́n lórí fóònù. "Màmá, mo ti yege."

"Ọlọ́run, o ṣeun. Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ní ó dúró dáadáa?"

"Wọ́n ní ó dúró dáadáa, mà."

"Ó gbọdọ̀ dúró," ni màmá mi wí. "Omi ìwẹ̀ mi ló dúró lé."