Àkísà Pupa Àǹtí Onítíátà

Kékeré ni mo wà, ọmọ tí wọ́n ń rán lọ pọn omi ní ẹ̀rọ, nígbà tí wọ́n lé Àǹtí Onítíátà kúrò nílé wa ní Mushin. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi.

Ilé yàrá ojúkojú ni, gbogbo wa la jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan. Àǹtí yìí wà nínú ẹgbẹ́ eléré kan tó máa ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Yábàá lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Olorì ni wọ́n máa ń fi í ṣe. Àtíkè á bo ojú rẹ̀, tìróò á yí ẹyinjú ká, ètè á pupa fòò. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á da àdín àgbọn sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ra ojú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á wá fi àkísà funfun nù ún. Olorì á lọ, Àǹtí wa á padà dé. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ọṣẹ ò ràn án, ọ̀rẹ́ mi. Ọṣẹ á bó ojú, tìróò á ṣì wà níbẹ̀. Àdín ló ń bá a sọ̀rọ̀ tó fi ń gbọ́.”

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó fọ àkísà yẹn tì, ó sá a sórí okùn. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ gba Èkó kan. Kò sí ìyá tó ń jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dá lọ ra iyọ̀. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù rí àbàwọ́n pupa, ó figbe ta: “Ẹ̀jẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ rèé o! Ẹ wá ọmọ yín o!”

Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹ̀yìnkùlé ti kún. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí, mi ò fi kún un. Télọ̀ tó wà níwájú ilé ní, “Èmi rí i. Ó ń fi òróró pa ojú, ó ń dá sọ̀rọ̀.” Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ ló ń kọ́ sórí! Lánlọ́ọ̀dù ní, “Obìnrin tí ò lọ́kọ, tí kì í tètè wọlé, kí ló ń fi òróró ṣe?”

Àǹtí ò bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.” Ó mú ohun pupa tó fi ń kun ètè jáde, ó kùn ún sí ètè níṣojú gbogbo wa, ó da àdín sí igun àkísà tó mọ́, ó fi nu ẹnu. Àbàwọ́n méjèèjì jọra bí ìbejì.

Ìyá mi ní, “Ẹ ò rí i báyìí? Ohun ìkunra lásán ni!”

Mo rò pé ó ti parí. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wá yínmú, ó ní, “Bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí ò lo ọṣẹ bí èèyàn?”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Wọ́n rí òtítọ́ kedere, ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn ṣàṣìṣe, wọ́n bá kúkú ń bá irọ́ lọ. Lánlọ́ọ̀dù ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Télọ̀ yẹn, tó máa ń rán aṣọ olorì fún un, dorí kodò sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá mi bẹ̀ títí. Wọ́n ní tó bá dùn ún, kó tẹ̀ lé e.

Àǹtí gbé àpótí rẹ̀ rù. Ó yíjú sí ìyá mi, ó ní, “Ẹ bá mi sun àkísà yẹn o, kó má baà tún lé ẹlòmíì.”

Ọmọ kankan ò sọnù nílé wa, ṣáájú ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó wá a lọ láti bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé gbogbo ayé àtijọ́ ló dára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ti ibi ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé, tòun ti àtíkè lójú àti ètè pupa. Ó gbé fóònù kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó ń fi àdín àgbọn nu ojú, ó ń sọ fún àwọn tó ń wò ó lórí fóònù pé ọ̀nà tuntun nìyí, pé ọṣẹ ń ba awọ ara jẹ́. Tuntun kẹ̀! Mo ya ẹnu láti pariwo. Mo wá wo òwú ọwọ́ rẹ̀, ó pupa fòò. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn ará ilé ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹ̀jẹ̀ ta ni.