Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù àti Ìbọn Ìléwọ́ Kẹrin

Ṣàkírù Adéògún kì í yìnbọn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó bá gbọ́ pé ó ní ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta nílé máa ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ lọ fọ́ báńkì. Ọ́sípítù kan ní Hyde Park, nínú ìlú Ṣìkágò, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn irin tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ló máa ń fọ̀, tó máa ń sè, tó máa ń tò sínú àwo. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ràn irin tó mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àpótí onírin ni ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọta kan ṣoṣo ò sì sí nínú ilé náà. Bó bá ti kírun Alásárì tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á gbé wọn jáde, á fi epo àti aṣọ funfun nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì dá wọn padà.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kó àṣà yìí. Ọlọ́pàá ni bàbá yẹn nígbà ayé àwọn òyìnbó n'Íbàdàn, yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí ni wọ́n fi í sí. Ogún ọdún gbáko ló fi ń fi epo pa ìbọn àwọn ọ̀gá, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Irú kan wà tí kì í yéé ròyìn rẹ̀ fáwọn ọmọ: ìbọn ìléwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń ká láàárín, tí èèpo ọta á sì fò síta fúnra rẹ̀. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ó wà ní Ìsẹ́yìn, ó sì tún ń ròyìn ìbọn yẹn. Ọdún mẹ́fà ni Ṣàkírù ti ń wá irú rẹ̀ káàkiri tí kò rí i.

Lọ́dún 1982, ìlú Ṣìkágò ṣòfin pé kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ mú ìbọn ìléwọ́ tuntun wọ ilé rẹ̀. Ṣàkírù kó lọ sí Lansing, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ṣìkágò, níbi tí òfin yẹn ò dé. Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àmọ́ ó ṣe àdéhùn: ìbọn kan láàárín ọdún méjì, kò sì gbọdọ̀ ju àádọ́jọ dọ́là lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 ó kan ìkẹrin, oyún oṣù mẹ́rin sì ti wà nínú Sìmíátù. Ó là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ìkẹrin yìí bá ti wọlé, àpótí ti pa dé nìyẹn, ó di ìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Kò sí àyè àṣìṣe fún Ṣàkírù mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tó máa yàn.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn lòun náà, ó fi ọdún mẹ́jọ ju Ṣàkírù lọ, ilé gíga kan létí odò ńlá ní Edgewater, nínú Ṣìkágò, ló ń gbé, ìnṣọ́ránsì ló ń tà, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi tí ẹni tí kò ní mọ́tò á fi ra ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Òun ló lọ pàdé Ṣàkírù ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó kọ́kọ́ dé, orí àga rẹ̀ sì ni Ṣàkírù sùn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí Mùsílíù wá sọ pé wọ́n ń jí lẹ́tà òun nínú ilé gíga yẹn, pé òun fẹ́ máa fi àdírẹ́sì Lansing gba lẹ́tà, Ṣàkírù ò béèrè ìdí. Fúnra rẹ̀ ló ń kó lẹ́tà ọ̀hún lọ sí Edgewater. Ẹ̀gbọ́n ni, kí ló kù?

Ní Sátidé kan, àwọn méjèèjì jọ lọ sí sọ́ọ̀bù Stan, òyìnbó arúgbó kan tó ń ta ìbọn nítòsí ààlà Indiana. Ṣàkírù fọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n léjìká, ó ní, "Stan, this is my brother." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa dúró máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọmọ ìlú ẹni tó gbani sílé nígbà òtútù?

Ìbọn méjì ló wà nínú àpótí gíláàsì tí owó Ṣàkírù ká. Ti àwọn Amẹ́ríkà ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Ìkejì ti ṣá, igi ìdí rẹ̀ ti ha. Mùsílíù nawọ́ sí èyí tó ń dán. Ṣàkírù rẹ́rìn-ín, ó wá fi Yorùbá kọ́ ọ níṣẹ́ níwájú ọlọ́jà. Ó ní wọ́n ti tún èyí tó ń dán kùn ni: kó wo lẹ́tà tí wọ́n fín sí ara rẹ̀ bó ṣe rí bàìbàì, kó wo nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe bá ti ìdí mu, ara ìbọn méjì ni wọ́n so pọ̀. Èyí tó ṣá yìí, nọ́ńbà kan náà ló wà níbi mẹ́ta, ibi tí àpò sòkòtò ti ń ha á nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ó ká a láàárín, ó dá a padà, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ń dẹtí sí i. Ohùn kan náà ló ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní Stan ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ogóje dọ́là ló pè é, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n máa san ìlọ́po mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí gan-an ni," ni Ṣàkírù wí. "Irú ẹ̀ ni bàbá mi fi ogún ọdún pa lépo."

Mùsílíù mi orí, ó ní inú Baba á dùn gan-an. Ṣàkírù ò ní gbowó oṣù títí di Friday tó ń bọ̀, Stan bá kọ orúkọ rẹ̀ sí páálí pélébé kan, ó so ó mọ́ ìbọn náà. Nígbà tí Ṣàkírù délé, ó kọ lẹ́tà sí Ìsẹ́yìn: òun ti rí i, fọ́tò ń bọ̀ lọ́nà. Ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Monday.

Ní Sátidé kejì, ó wọ sọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó nínú àpò ìwé. Páálí orúkọ rẹ̀ wà lórí gíláàsì. Ìbọn ò sí níbẹ̀. Inú Stan ń dùn ní tirẹ̀, ó ní brother rẹ̀ ti wá san owó ní Monday, ó dúró de ọjọ́ mẹ́ta tí òfin wí, ó sì gbé e lọ ní Thursday. Ṣàkírù ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, Edgewater ni ẹni náà ń gbé, Ṣìkágò ò gbà á láyè. Stan ṣí ìwé rẹ̀, ó yí i sí i. Orúkọ Mùsílíù ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì tí ìpínlẹ̀ ń fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn, àti àdírẹ́sì ilé Ṣàkírù.

"Same house," ni Stan wí. "You said he's your brother."

Ṣàkírù rántí. Oṣù Kejì ni, yìnyín ń bọ́. Àpòòwé kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba ní Springfield, ó sì le nínú bíi pé káàdì wà níbẹ̀. Abẹ́ kóòtù rẹ̀ ló fi í sí títí dé Edgewater, kí omi má bàa kàn án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé káàdì náà lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ lóhun tó máa rà, òun náà ló sì pè é ní brother lójú ẹni tó ń tà á. Bí wọ́n bá jí i mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ì bá sàn. Ó kí Stan pé ó ṣeun, ó jáde.

Bó ṣe délé ló tẹ Mùsílíù láago, Sìmíátù dúró tì í. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ sẹ́.

"Àbúrò mi, má bínú. Ìwọ náà lo sọ pé it's worth three times. Customer mi kan ló rà á lánàá, he paid cash. Màá wá òmíràn fún ẹ, jàre. Ṣebí brother ni wá?"

Lẹ́tà kan ń lọ sí Ìsẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Wọ́n á kà á fún arúgbó yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí fọ́tò. Láti ọjọ́ tí Ṣàkírù ti mọ ọkùnrin orí fóònù yìí, kò tíì fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí, kò sì tíì pe orúkọ rẹ̀ lásán, àní nígbà tí kò sí níbẹ̀.

"Mùsílíù," ni ó wí.

Ohùn òdìkejì fóònù le. "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Lẹ́tà rẹ méjì ṣì wà nílé mi. Wá kó wọn."