Èmi, Ajudáǹ àti Orúnkún Mi

Wọn kì í kọ́ ọmọ obìnrin ní ìkúnlẹ̀ ní Akron, àdúgbò àwa Nàgó; ọmọ náà kàn máa ń bá ara rẹ̀ nílẹ̀ ni. Ìyá mi àgbà, tó ń hun fìlà ìkírun tà, ló tọ́ mi dàgbà. Bí mo bá jí, mo kúnlẹ̀. Bí mo bá ti ibi tó rán mi dé, mo kúnlẹ̀. Bí àgbàlagbà bá yọ ní ìkòríta, orúnkún mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Orúnkún yìí kan náà ni mo gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni ajudáǹ, ọ̀gá tó ń kọ́ wa bí ológun ṣe ń yan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa, pàápàá bó bá fẹ́ bú èèyàn. Faransé ló fi ń pàṣẹ, Nàgó ló fi ń tún èmi ṣe. “Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà,” ló máa ń wí bí ẹsẹ̀ wa kò bá bára mu. Bó bá sì ti ké “Gáàdàfú!”, gbogbo wa á dúró gbọin, àyà síwájú, ojú ní ọ̀kánkán. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ó fi mí sí ìlà iwájú. Kò mọ ohun tó ń fà wá sórí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà wá wò wá. Orí rẹ̀ funfun, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí àwọn bàbá tó ń ti mọ́sálááṣí bọ̀. Ó dúró níwájú mi. Ńṣe ló yẹ kí n gbé ìbọn sókè fi kí i, kí n pa ẹnu mọ́. Èmi kúnlẹ̀ tìbọn-tìbọn. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.”

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá. Ajudáǹ ò rẹ́rìn-ín rárá.

“Ṣé ìsọ̀ ìyá ẹ ní ọjà Tokpota lo wà ni? Tóo bá tún kúnlẹ̀, n óò yọ ẹ́ nínú ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́. Ilé ìdáná lo máa wà lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ bá ń gba àmì oyè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ará ilé ẹni ló máa ń wọ pápá wá fi pín-ìnnì so àmì mọ́ èjìká ẹni. Ìyá mi àgbà ti sọ fún gbogbo Akron pé òun lòun máa so tèmi. Ìbòrí tó máa wé ti wà nínú àpótí. Bí wọ́n bá lé mi sí ìdí ìkòkò, ta ni Ìyá máa wá wò?

Mo gbìyànjú títí, ṣùgbọ́n bí irun funfun bá ti yọ báyìí, orúnkún mi á fẹ́ kanlẹ̀. Ajudáǹ ń wò mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí a fẹ́ lọ sílé, ó pè mí.

“Ta ló tọ́ ẹ?”

“Ìyá mi àgbà ni.”

“Lọ kí i lóòró. Ẹni tó bá lè dúró níwájú ìyá àgbà Nàgó, kò sí jẹ́nẹ́rà tó máa mú un gbọ̀n.”

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró gbọin, mo gbé ọwọ́ síwájú orí bí ológun. “Ẹ káàsán, Ìyá.” Ìyá àgbà gbé fìlà tó ń hun sílẹ̀. Orúnkún mi ló ń wò, kò wo ojú mi.

“Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?”

Mo ṣàlàyé ohun tí ajudáǹ wí fún un. 

“Wọn kì í kí mi lóòró o,” ló wí. “Ṣùgbọ́n dúró síbẹ̀. Ìkúnlẹ̀ mi ń bẹ lọ́rùn ẹ bí gbèsè. Ọjọ́ tóo bá parí, o máa fún mi.”

Láti ọjọ́ náà, òun náà di ajudáǹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, á bọ́ síta, á wúkọ́, á tún wọlé bí ọ̀gágun, á dúró níwájú mi. “Má mira!” Bí orúnkún mi bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á jáde, á tún wọlé. Àwọn aládùúgbò rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìfẹ́ tí mo rí gbà nínú yàrá kékeré yẹn, mi ò lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ọ̀gá àgbà tún wá wò wá, mo dúró bí òpó.

Bí ayẹyẹ ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, ajudáǹ kọ́ wa ní apá ìkẹyìn: a ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ gba àmì wa, a kò sì gbọdọ̀ dìde àfi bó bá pàṣẹ. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, èyí ò lè ni ẹ́ lára.” Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún Ìyá.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ó wọ pápá wá pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ti múra láti rí mi lóòró. Àṣẹ dún. Mo fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dúró, kò mira. Ìka tó ti hun fìlà láti ìgbà èwe wá ń wá ibi tí pín-ìnnì máa gbà. Ó so ó tán, ó fọwọ́ kan èjìká mi.

“Mo ti gbà á,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Dìde, ọmọ mi.”

Nílé wa, bí àgbà bá ti ní kí o dìde, o ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Orúnkún mi fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Mo di orúnkún náà mú sílẹ̀, omi ń dà lójú mi, n kò sì lè nù ún. Ajudáǹ dúró nítòsí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí Ìyá sọ, mo kàn mọ̀ pé bí Ìyá ti pa ẹnu dé ni ajudáǹ ké pé ká dìde.

Mo dìde fún àwọn méjèèjì.