Àṣẹ Tó Ń Ti Kudai Wá

Ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kíá: mo jowú àbúrò mi obìnrin. Kì í ṣe owú orogún, kì í sì í ṣe ti aṣọ tàbí ti mọ́tò. Màmá wa ni mo sọ pé ó gbà lọ́wọ́ mi. Jẹ́dà ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni kan ní ìtàn. Kudai ni àbúrò mi ń gbé, àdúgbò kan ní gúúsù ìlú Mẹ́kà, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ àwọn Yorùbá tó wá ṣe Hájì láyé ọjọ́un tí wọn ò padà sílé mọ́. Ọ̀nà tó wà láàárín àwa méjèèjì kò jìn, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni mí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ Mẹ́kà.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè bi mí pé báwo ni ọmọ ìyá kan náà ṣe pín sí méjì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá wa, Mùsùlùmí ni Màmá. Èmi dàgbà lọ́wọ́ wọn, mo sì bá bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa tí wọ́n fi gbé e fún ìyá Màmá ní Ìlọrin pé kó máa bá a gbé, ilé kéú ló sì gbà dàgbà. Ìyá àgbà kẹ́ ẹ bí ẹyin ojú. Bó bá wá sọ́dọ̀ wa nígbà ọlidé, aṣọ tuntun ló máa wọ̀, èmi á wà nínú ògbólógbòó. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó pé òun ló rí jẹ nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí Màmá fẹ́ wá ṣe Ùmúrà, mo ní kí wọ́n bá mi kun yàrá kan, mo ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga jù fún orúnkún rẹ̀, mo tún ní kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Mo ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn mi pé ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ sinmi sí. Èmi, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ la jọ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Àfi bí Màmá ṣe jáde tó ní òun ti gbé aníyàn Ùmúrà òun látinú bàálù, òun ò fẹ́ yà síbì kankan. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Màá wá sọ́dọ̀ ẹ tí mo bá ṣe tán." Ni wọ́n bá gbé e lọ. Mo dá wakọ̀ mi padà sílé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, inú sì bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Fóònù Màmá kò ṣiṣẹ́ dáadáa níbí, torí náà orí fóònù àbúrò mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà. "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní kí ẹ bá àwọn wá oògùn orúnkún tí àwọn ń lò, kí ẹ fi rán awakọ̀." "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní kí ẹ pe bọ̀dá tó ń bá wa bójú tó ilé ní Òṣogbo, kí wọ́n lọ tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé." "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní àwọn ṣì fẹ́ kí ìrun Jímọ́ọ̀ kan sí i ní mọ́ṣáláṣí Hárámù kí àwọn tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Jímọ́ọ̀ kan sí i yẹn di méjì, ó di mẹ́ta.

Àsìkò yẹn náà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa bí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣèjọba láyé àtijọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn púpọ̀. Ọba wọn kì í jókòó sójú kan. Ìlú dé ìlú ló ń lọ, tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn akọ̀wé àti àwọn alásè, ibi tó bá sì sùn sí ni ìjọba wà. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ á máa lé e kiri. Bó bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹni tó jìnnà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí pélébé awọ àgùntàn, wọ́n á fi ìda lẹ èdìdì ọba mọ́ ọn, ìránṣẹ́ á sì gbé e lọ bá ṣẹ́rífù, ìyẹn aṣojú ọba ní agbègbè náà. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọba fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ṣẹ́rífù tí kò bá fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà kò ní sọ pé òun ò ṣe o. Á kàn dá ìwé padà pé àṣẹ ọba pẹ́ kó tó tẹ òun lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín gan-an sí ìyẹn, torí kò sẹ́ni tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé.

A wá dé ibi oríṣi ìwé méjì. Ọ̀kan wà tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀, tí èdìdì á máa rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Èkejì, wọ́n á ká a, wọ́n á fi èdìdì pa á dé, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló máa já a. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó bi mí pé èwo ló níyì jù. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé èyí tó ṣí sílẹ̀ ni, torí òun ni wọ́n fi ń fúnni ní ilẹ̀ àti oyè. Mo dá a lóhùn pé èyí tí wọ́n pa dé ni, mo sì fi ìbínú sọ ọ́ débi pé ọmọ ọlọ́mọ sorí kọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé láti ọjọ́ tí Màmá ti dé, kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí àbúrò mi ò gbọ́. Bí mo bá pè, sípíkà ni wọ́n á tẹ̀. Bí Màmá bá ń rẹ́rìn-ín, èmi ń gbọ́ ẹ̀rín tẹni kejì lábẹ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Wọ́n ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó dáa, ta wá ló ń rán an? Ta ló lè jẹ́rìí sí i fún mi pé ẹnu Màmá ni gbogbo Jímọ́ọ̀ yẹn ti ń jáde? Mo pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò mi ló gbé e. Mo ní, "Màmá àgbà ńkọ́?" Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáni lóhùn. Ó ní, "Nayma, ya khala." Ìyẹn ni pé wọ́n ń sùn, àǹtí mi. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn Màmá gbangba, tó ń pe àbúrò mi pé kó wá jókòó, kí òun dirun fún un. Abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ dirun fún o. Mo pa fóònù mi, mo sunkún bí ọmọdé ní yàrá àwọn olùkọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa onígbàgbọ́ díẹ̀ péjọ ní pálọ̀ mi láti gbàdúrà bí a ṣe máa ń ṣe, torí wọn kì í gba ṣọ́ọ̀ṣì láyè níbí. A fa kọ́tìnnì, a fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin, wọ́n wá ní kí n gbàdúrà fún àwọn ẹbí wa. Mo dárúkọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fo àbúrò mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Màmá padà sí Nàìjíríà, àṣẹ mìíràn dé: "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní pápákọ̀ òfurufú ni kí ẹ ti wá pàdé àwọn o." Ìyẹn ni pé kò ní sùn nílé mi, ì báà jẹ́ oorun ọ̀sán lásán. Ó ká mi lára. Mo fèsì pé mi ò jẹ́ iṣẹ́ yẹn, kí Màmá fúnra wọn jáde wá sọ ọ́ lójú mi. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo gba ọ̀nà Mẹ́kà, mo dúró síbi ilé epo kan tí ilé oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó di ibi tí pátákó ti ń ní kí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí yà bá ọ̀nà mìíràn lọ. Mo pè wọ́n, mo ní ibẹ̀ ni mo wà, mi ò kúrò.

Wọ́n kírun Alásàrí tán kí n tó rí ọkọ̀ wọn. Àbúrò mi ló wà á wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn lójú àwọn awakọ̀ tírélà, ẹnu lásán ni mo fi dá a lóhùn. Màmá wò mí, ó wo òun náà, ó wá ní kó lọ bá wa ra ìrẹsì. Bó ṣe wọlé báyìí ni Màmá bọ́ sínú ọkọ̀ mi, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Kí lo ń bá ọmọ yẹn jà fún? Èmi ni mo ní kó máa sọ gbogbo ohun tó ń sọ."

Mo ní, "Títí kan pé ẹ ń sùn?"

"Títí kan pé mò ń sùn. Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dìde wá, mi ò sì fẹ́ wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo bi í bóyá torí pé a máa ń kọrin ìyìn nílé mi ni. Màmá pòṣé. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi bá bàbá mi gbé, ṣé orin ló wá máa lé òun lójú ogbó? Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà.

"Ìwọ ni mo tọ́," ló wí. "Mo wẹ̀ ẹ́, mo dirun fún ẹ, mo nà ẹ́, mo jókòó tì ẹ́ nígbà tí ibà ń ṣe ẹ́. Èyí tó wà nínú ibẹ̀ yẹn, mo gbé e fún ìyá mi torí apá mi ò ká ọmọ méjì mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní màá lọ mú un padà, mi ò lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ níjọ́sí, bó bá fẹ́ jókòó tì mí, ó máa ń kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Nínú ilé ara ẹ̀ o. Ọmọ tí mo bí. Ìwọ wá fẹ́ kí n pín ìwọ̀nba ìgbà tí mo ní yìí sí méjì?"

Mo rántí bí àbúrò mi ṣe máa ń jókòó sí etí àga nílé wa nígbà ọlidé, tí kì í bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì àfi tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Ìgbéraga àwọn ará Ìlọrin ni mo máa ń pè é nígbà yẹn.

Màmá ní, "Má sọ fún un o. Mi ò fẹ́ kó rò pé àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa dé, tí èmi nìkan gbọ́, dé ọwọ́ mi wàyí. Ká ní mo mọ̀ ni, sípíkà ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Àbúrò mi gbé ìrẹsì àti adìyẹ dé, a tẹ́ ẹní síbi òjìji ọkọ̀. Màmá ya adìyẹ, ó fi ìrẹsì wé e, ó fọwọ́ pò ó di òkèlè. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá níwájú mi, ó lọ bá àbúrò mi. Àbúrò mi kò gbà á. Èmi ló ń wò, bí ẹni tó fẹ́ gbàṣẹ.

Mo ní, "Jẹ ẹ́, Màmá ń dúró dè ẹ́." Ó jẹ ẹ́, omi sì dà lójú rẹ̀. Mo ti jẹ irú òkèlè bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, síbẹ̀ mo jowú èyí gan-an, mi ò purọ́. Nígbà tí a jẹun tán, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn fún Màmá, mo bá a de bẹ́líìtì, mo sì sọ fún àbúrò mi pé pápákọ̀ òfurufú ni màá ti pàdé wọn.