Ìwé Tí Azeezat Kọ

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Òkìkíọlá nígbà tó wá kàwé ní Sharjah, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé. Ó gba bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kan, nínú yàrá wa ní Abu Shagara. Azeezat ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè rẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n ti jọ wo fíìmù Sweden kan, nípa ọmọbìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn. Làwọn náà bá fẹ́ràn ara wọn. Ẹ má yínmú o, ìfẹ́ ni.

Òkìkíọlá ní kí Azeezat kọ lẹ́tà sí òun, kódà kó jẹ́ ìlà kan.

"Kí wọ́n lè fi mú mi? Khalas, ó tó!"

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Ọláfúnkẹ́, olórí yàrá wa, fura sí wọn, ó bi Azeezat léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ lé e."

Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ̀gbọ́n bá na bébà sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún Òkìkíọlá. Èmi náà ò sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí bébà náà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa: bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kan ti ṣófo, obìnrin ọmọlúàbí nìkan la fẹ́. Ó dá ọwọ́ ìkọ̀wé Azeezat mọ̀. Kò sunkún. Ó rọra ṣí i kúrò, ó ká a sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ó ní, "Ó kúkú kọ̀wé sí mi."